Irun gígùn lórí ọkùnrin: a kì í fárí lẹ́yìn olórí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí ènìyàn bá ṣe múra ni àwọn ará ìta yóò ṣe kí i. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá ní Ayégbajú-Èkìtì, Oyè, Ìkọ̀lé, Ìdó àti gbogbo agbègbè Àríwá Èkìtì máa ń fà yọ nígbà tí ọmọkùnrin wọn tó wà ní yunifásítì bá wálé fún ọdún Kérésìmesì tàbí ọdún Iléyá, tó ṣí fìlà lórí, tí irun sì wálẹ̀ dé èjìká. Ìyá á káwọ́ lérí, bàbá á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e kì í ju ẹyọ kan lọ: ta ni yóò gba ọkùnrin onírun báyìí síṣẹ́?

Ìbéèrè tó nídìí ni. Owó iṣu, owó kòkó àti owó ìrẹsì ni ọ̀pọ̀ òbí ní ìhà ibí yìí fi ń rán ọmọ lọ sílé ìwé. Láti ọdún 2011 tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Oyè-Èkìtì, tí ọgbà rẹ̀ kejì sì wà ní Ìkọ̀lé, àwọn ọ̀dọ́ láti ìlú oríṣiríṣi ti kún àdúgbò wa, irun oríṣiríṣi sì ti bá wọn wọlé. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Ìfàkì lọ sí Ìkọ̀lé lónìí lè rí ọmọkùnrin tó dirun bí obìnrin, ó lè rí èyí tí irun rẹ̀ lọ́ pọ̀ bíi ti Dàda, ó sì lè rí èyí tó kun tirẹ̀ láwọ̀ wúrà.

Ṣùgbọ́n, tótó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Kí a tó dájọ́ lórí irun ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí a jẹ́ kí ẹni tó ni orí wà níbẹ̀, kí a sì mọ ẹjọ́ tí a ń dá gan-an. Bí a ti wo ọ̀rọ̀ náà sí, ọ̀ràn méjì ni a ti lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn. Èkíní ni ìlànà ibi iṣẹ́: kí ni ọ̀gá iṣẹ́ lè béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ nípa irun? Èkejì ni ìfura: ṣé irun gígùn tó ohun tí a lè torí rẹ̀ pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè tàbí gbájú-ẹ̀? Ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní lẹ́ka púpọ̀. Ìdáhùn sí èkejì kò ju bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Nítorí pé a kò ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni ọ̀dọ́ kan fi ń pàdánù iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, tí òmíràn sì ń pàdánù òmìnira rẹ̀ lójú títì.

Ìdí tí àyà àwọn àgbà fi ń já

Kò yẹ kí àwa ọ̀dọ́ máa fi àwọn òbí wa ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nílẹ̀ Yorùbá, irun tí a kò gẹ̀ ní ohun tó ń sọ. Ọkùnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ a máa jẹ́ kí irun rẹ̀ kún, bí ọjọ́ bá sì pé, wọn a fá a. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, tó ń rìn kiri ọjà, irun rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń rí. Kò gẹ̀ ẹ́, kò fọ̀ ọ́, ó ti bá ìdọ̀tí dì pọ̀. Nítorí náà, bí bàbá kan bá rí irun tó lọ́ pọ̀ lórí ọmọ tirẹ̀, kì í rí i bí ẹ̀ṣọ́. Ọ̀fọ̀ tàbí àrùn ni ọkàn rẹ̀ máa ń sáré lọ bá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà wà níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé ìtìjú ni irun gígùn jẹ́ fún ọkùnrin, ọ̀pọ̀ ìjọ ló sì di ọ̀rọ̀ náà mú ṣinṣin. Síbẹ̀, nínú Bíbélì kan náà ni Sámúsónì wà, ẹni tí abẹ kò gbọdọ̀ kan orí rẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ́ tó wà láàárín òun àti Ọlọ́run. Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, hádíìsì sọ fún wa pé irun Ànábì Muhammad máa ń gùn dé etí, nígbà mìíràn dé èjìká. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé kí ènìyàn fá apá kan orí, kó sì dá apá kan sí. Ẹni tó bá wá fẹ́ fi ẹ̀sìn nìkan dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kó kà á délẹ̀.

Ìbẹ̀rù kẹta ni ti ẹgbẹ́ búburú. Ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1990, àwọn olórin régè bíi Majek Fashek àti Ras Kimono ló sọ irun dàda di ohun tí gbogbo ọ̀dọ́ Nàìjíríà mọ̀. Igbó mímu sì ni ọ̀pọ̀ àgbà so mọ́ ọn. Lọ́dún 1998, Taribo West tó gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà ní ìdíje ife àgbáyé nílẹ̀ Faransé di irun rẹ̀, ó sì fi àwọ̀ ewé sí i. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un, àwọn mìíràn mi orí. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Yàhóò gbòde, ọ̀pọ̀ sì rò pé àwọn ti mọ àmì tí a fi ń dá wọn mọ̀: irun gígùn, sòkòtò yíya àti fóònù olówó ńlá.

Irun ọkùnrin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé

Bí a bá ní kí a wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, a ó rí i pé irun gígùn lórí ọkùnrin kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ òfuurufú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Dàda. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, bíi Táíwò, Òjó, Ìgè àti Àjàyí. Ọmọ tó bá ti inú ìyá rẹ̀ wá pẹ̀lú irun tó ta kókó, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, wọn kì í ya irun rẹ̀, wọn kì í sì dédé gé e. Ní ọ̀pọ̀ ilé, owó ẹyọ ni wọ́n ń so mọ́ ọn, bí wọ́n bá sì fẹ́ gé e, wọn a se ẹ̀wà, wọn a din àkàrà, wọn a pe àwọn ọmọdé jọ. Kò sẹ́ni tó ń pe irun náà ní ìwà ìpáǹle. Àwọn Yorùbá tún máa ń sọ pé Dàda kò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tó gbójú. Èyí fi hàn pé ọmọ pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ka onírun bẹ́ẹ̀ sí. Wọn kò kà á sí ọmọ ìta.

Lẹ́yìn Dàda, ẹ wo elégùn Ṣàngó. Ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n ó ń dirun bí ìyàwó, nítorí irun dídì ni wọ́n fi mọ Ṣàngó fúnra rẹ̀ nínú ìtàn. Ọdún Ṣàngó tí wọ́n ń ṣe l'Ọ́yọ̀ọ́ ni àjọ UNESCO kọ sínú ìwé àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò lọ́dún 2023. Àwọn ìlàrí tí wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ Aláàfin láyé àtijọ́ náà ń kọ́? Wọ́n máa ń fá apá kan orí wọn, wọn a sì dá apá kan sí, kí ẹni tó bá rí wọn lójú ọ̀nà lè mọ̀ pé òjíṣẹ́ ọba ni wọ́n. Bí a bá fẹ́ pè é ní orúkọ tòde òní, irun iṣẹ́ ni. Bákan náà ni aásò, irun díẹ̀ tí wọ́n dá sí láàárín orí tí wọ́n fá, tí a máa ń rí lórí àwọn ọmọdé àti àwọn olórìṣà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ tó kù pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn baba wa ló ń jókòó fún onígbàjámọ̀ kó fi abẹ fá orí wọn. Onírun gígùn ní ìdí tí ìlú mọ̀, bóyá nítorí bí wọ́n ṣe bí i, bóyá nítorí òrìṣà tó ń sìn, bóyá nítorí iṣẹ́ tí ọba rán an. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tó ń sọ pé àṣà gbogbo ọkùnrin Yorùbá ni kò sọ gbogbo rẹ̀. Àgbà tó ń sọ pé àṣà òyìnbó ni náà kò sọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí àṣà wa fi kọ́ni ni pé irun a máa sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohun tó ń sọ, kó béèrè lọ́wọ́ olórí.

Níbo ni irun gígẹ̀ mọ́lẹ̀ ti di irun ọ́fíìsì?

Bárékè sójà àti ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ kàwé, wọ́n ń gẹ irun mọ́lẹ̀ nítorí iná orí àti làpálàpá, àti kí gbogbo ọmọ lè rí bákan náà. Láti ibẹ̀ ni akọ̀wé, tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ti gbé e dé ẹnu iṣẹ́. Ìlànà tó wúlò ni nígbà náà, a kò bú u.

Ṣùgbọ́n nígbà kan náà ni òyìnbó gbé irun mìíràn lé wa lórí. Títí di òní, bí lọ́yà bá ń lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ní Adó-Èkìtì, wíìgì ló ń dé, irun ẹṣin sì ni a ti ń ṣe ojúlówó wíìgì láti ìgbà pípẹ́. Àṣà náà bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 300 ọdún ó lé sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ọkùnrin ńláńlá ibẹ̀ ń fi irun gígùn tí kì í ṣe tiwọn ṣe ẹ̀yẹ. Ìyẹn ni pé irun gígùn ni àmì iyì ọkùnrin lójú àwọn tó ṣe òfin yẹn. Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ jẹ́ ọ̀dọ́ láàárín ọdún 1970 sí 1980 náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo fọ́tò ìgbà yẹn. Irun afíró kún orí yín bámú, ẹ sì ṣe tíṣà, ẹ ṣe akọ̀wé, kò sẹ́ni tó lé yín níṣẹ́. Ohun tó yẹ iṣẹ́ lójú ìran kan lè má yẹ ẹ́ lójú ìran kejì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú títì

Apá yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Lóṣù kẹfà ọdún 2020, àjọ Amnesty International tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọlọ́pàá SARS. Ó tó 82 ìṣẹ̀lẹ̀ ìfìyàjẹni, ìlunilálùbolẹ̀ àti pípa ènìyàn láìtọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ láàárín oṣù kìíní ọdún 2017 sí oṣù karùn-ún ọdún 2020. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 35 ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń mú, pàápàá àwọn tí aṣọ wọn bá ìgbà mu, tí wọ́n fín ara, tí wọ́n ní fóònù olówó ńlá, tàbí tí wọ́n ní irun dàda.

Kò ju oṣù mẹ́rin lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí ọ̀dọ́ tú jáde káàkiri Nàìjíríà nínú ìwọ́de EndSARS. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Mohammed Adamu, kéde pé wọ́n ti tú SARS ká. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì wà lára àwọn tó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ọlọ́pàá ṣẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn agbẹnusọ ọlọ́pàá fúnra wọn ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé irun dàda kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀, kò tíì sí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ onírun gígùn tí ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ bí ọkọ̀ bá dé ibi tí àwọn agbófinró ti dá igi dínà. Ọ̀pọ̀ ti mọ̀ ọ́n lára láti fa fìlà bo etí kí ọkọ̀ tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo òfin. Abala 35 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ gba òmìnira ẹnikẹ́ni àfi ní ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni pé kí ìfura tó mọ́gbọ́n dání wà pé ẹni náà dá ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni irun? Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ kan tó sọ pé kí ọkùnrin má dirun. Abala 34 tún sọ pé a kò gbọdọ̀ tàbùkù ènìyàn. Nítorí náà, sójà, ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tó bá mú sísọ́ọ̀sì tó gé irun ọmọ ọlọ́mọ lójú títì, ó ti fá orí lẹ́yìn olórí, olórí ìbáà tilẹ̀ jókòó níbẹ̀. Òun gan-an ni òfin yóò bi léèrè.

Àwọn gbájú-ẹ̀ wà lóòótọ́, wọ́n sì ń ba orúkọ ìlú jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì jalè, ó lè gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó sì so táì mọ́rùn. Bí ọlọ́pàá bá ń wo irun, kò ní rí ìyẹn. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ l'Óyè ni yóò dá dúró, olè yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nínú kóòtù.

Bí ilé-ẹjọ́ ṣe dá a níbòmíràn

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Gánà, lóṣù kẹta ọdún 2021, ilé ẹ̀kọ́ Achimota ní Accra kọ̀ láti gba àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́sìn Rasta, àyàfi bí wọ́n bá gé irun wọn. Wọ́n gbé e lọ sílé-ẹjọ́ gíga. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún náà, adájọ́ ní kí ilé ẹ̀kọ́ gbà wọ́n wọlé, nítorí pé irun wọn jẹ́ ara ẹ̀sìn wọn, kò sì yẹ kí ó gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní Màláwì náà, lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ gíga ní kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba má ṣe lé ọmọ Rasta sẹ́yìn nítorí irun.

Ní ìlú London, ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì kan ní Harrow dá ọmọkùnrin ọlọ́dún 11 padà sílé nítorí pé ó dirun. Lọ́dún 2011, ilé-ẹjọ́ gíga sọ pé òfin ilé ẹ̀kọ́ náà ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú lára ju àwọn tó kù lọ, nítorí pé àṣà ìdílé ni irun náà jẹ́ fún àwọn kan. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ California ló kọ́kọ́ ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní CROWN lọ́dún 2019, pé kí ilé iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ má ṣe ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí irun dídì tàbí irun dàda. Ìpínlẹ̀ tó ti ṣe irú rẹ̀ ti lé ní 20 báyìí. Ṣùgbọ́n ní Texas, tó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2023, adájọ́ kan sọ lóṣù kejì ọdún 2024 pé òfin náà kò dí ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ láti pàṣẹ bí irun ọmọkùnrin ṣe gbọdọ̀ gùn tó. Ohun tí òfin dáàbò bò ni bí a ṣe ṣe irun. Kò dárúkọ gígùn rẹ̀.

Àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí kò de adájọ́ wa. Ṣùgbọ́n nǹkan kan jọra nínú wọn. Ìbéèrè tí àwọn adájọ́ ń bi ilé ẹ̀kọ́ ni pé: kí ni ìdí òfin yín? Ta ló ń pa lára? Ìbéèrè méjì yìí ni ó yẹ kí a gbé wá sílé.

Ohun tí ọ̀gá iṣẹ́ lè béèrè

Ìlànà irun níbi iṣẹ́ lè pín sí mẹ́ta. Èkíní ni èyí tó jẹ mọ́ ààbò àti ìmọ́tótó. Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn, ìbáà ṣe l'Ádòó tàbí n'Ídòó, gbogbo irun ni wọ́n ń fi fìlà bò, ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Ẹni tó ń dáná oúnjẹ tà gbọ́dọ̀ bo irun rẹ̀. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìlọta tàbí ẹ̀rọ ìlagi kò gbọdọ̀ jẹ́ kí irun rẹ̀ máa fì, nítorí ẹ̀rọ lè fà á wọlé. Kò sí ẹni tó yẹ kó bá ìlànà bẹ́ẹ̀ jà. Ẹ sì kíyè sí i pé kò sọ pé kí a gé irun. Bíbò àti dídè ló béèrè.

Èkejì ni ti ìrísí. Báǹkì, ilé-ẹjọ́ àti ilé ìtura fẹ́ kí àwọn oníbàárà fọkàn tán òṣìṣẹ́ wọn. Èyí náà ní ìdí. Ṣùgbọ́n obìnrin tó dirun dé ẹ̀yìn ń ka owó ní báǹkì lójoojúmọ́, oníbàárà kò sì sá. A jẹ́ pé gígùn irun nìkan kọ́ ló ń ba iyì jẹ́. Ọ̀gá iṣẹ́ lè béèrè pé kí irun mọ́, kí a dè é sẹ́yìn, kí ó má bo ojú, kí àwọ̀ rẹ̀ má pariwo jù. Ní Kánádà, láti ọdún 1990 ni ọlọ́pàá àpapọ̀ wọn ti gba àwọn ẹlẹ́sìn Sikh, tí wọn kì í gé irun wọn, láàyè láti máa wé láwàní tó bá aṣọ iṣẹ́ mu. Ìjọba ibẹ̀ kò bàjẹ́ nítorí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí kò ní ìdí ju pé ọ̀gá kò fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Irú èyí kì í sí nínú ìwé. Ọmọ á kàwé gba ipò kejì òkè, á dáhùn gbogbo ìbéèrè, wọn á ní kó máa lọ, àwọn yóò pè é. Wọn kò ní pè é, wọn kò sì ní sọ fún un pé irun ni. Bó bá jẹ́ Dàda tí wọ́n bí pẹ̀lú irun ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi í. Èyí ni ó yẹ kó dópin. Bí ilé iṣẹ́ bá ní òfin irun, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń wá iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Kí ọmọ náà wá yàn fúnra rẹ̀ bóyá irun ló fẹ́ tàbí iṣẹ́. Ìyẹn ni fífá orí lójú olórí.

Ìtọ́jú ló yàtọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, ọ̀rọ̀ kàn yín báyìí o. Ẹ kò lè sọ pé kí ayé bọ̀wọ̀ fún irun tí ẹ̀yin fúnra yín kò bọ̀wọ̀ fún. Irun gígùn níṣẹ́ ju irun gígẹ̀ lọ. Ó yẹ kí a máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì, kí a fi omi ṣan ọṣẹ kúrò pátápátá, kí a sì jẹ́ kó gbẹ dé ìdí kí a tó dè é tàbí kí a tó dé fìlà. Irun dàda tó tutù nínú fìlà a máa rùn, òórùn náà ni oníbàárà yóò sì rántí. Òróró àgbọn tàbí òrí díẹ̀ tó fún awọ orí. Bó bá pọ̀ jù, eruku ni yóò máa mú, kọ́là ẹ̀wù funfun yóò sì dọ̀tí.

Bí ẹ bá fẹ́ di í, ẹ má jẹ́ kí onídìrí fà á le jù. Irun tí a ń fà nígbà gbogbo a máa já ní iwájú orí àti ní ẹ̀bá etí. Bó bá pẹ́, ó lè má hù mọ́. Bí orí bá ń yún yín tàbí tí egbò bá wà níbẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó dirun lé e. Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ kó irun jọ sẹ́yìn, ẹ fi okùn dúdú kan dè é mọ́ ìpàkọ́, ẹ jẹ́ kí ojú àti etí hàn. Kí irùngbọ̀n gún régé, kí aṣọ jẹ́ lílọ̀, kí bàtà dán. Bí ẹni tó jókòó níwájú yín bá rí i pé ohun gbogbo tó kù wà létòlétò, yóò ṣòro fún un láti pe irun náà ní àìbìkítà. Bí iṣẹ́ tí ẹ ń wá bá sì jẹ́ ti ológun, ẹ mọ̀ pé gígẹ̀ ni ti wọn. Ẹ má ṣe lọ síbẹ̀ kí ẹ tó máa bínú.

Ẹ̀yin òbí, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ má ṣe lé ọmọ jáde nítorí irun, ẹ má sì ṣe pe ọlọ́pàá sí i. Ẹ pè é jókòó, ẹ bi í pé kí ló fà á, irú iṣẹ́ wo ló fẹ́ ṣe, ta ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ìwà rẹ̀ bá dára, irun kò ní bà á jẹ́. Bí ìwà rẹ̀ kò bá dára, abẹ onígbàjámọ̀ kò lè tún un ṣe. Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa ní Àríwá Èkìtì pẹ̀lú, ó yẹ kí ẹ bá àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ agbègbè yín sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí, kí ọmọ tó ń bọ̀ wálé fún ọdún lè dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni yọ sísọ́ọ̀sì sí i.

Orí ni gbogbo wa ń bẹ̀ kó gbè wá. Ẹni tó bá fẹ́ kí orí ọmọ òun gbè é, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ sísọ lórí orí tirẹ̀.